Mo Kọ́ Wọn, Wọn Kò Kọ́ Ọ: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Rí Gbà Ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

 

Ọmọ àbúrò mi kan, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó gbé ìwé ìpèsè ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tí àwa tíṣà ń pè ní lẹ́sìn-nóòtù, wá bá mi pé kí n bá òun wò ó kí ọ̀gá òun tó buwọ́ lù ú. Mo wo ibi tí ó kọ èròǹgbà ẹ̀kọ́ sí. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé: “Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ọmọ yóò mọ̀ nípa ìdá.” Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ṣé mo ṣì í kọ ni?” Mo ní, “Rárá o, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni mo ń rín, ara mi ni.”

Gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ yìí gan-an ni èmi náà kọ ọ́ ní ọdún 1983, díẹ̀ ló sì kù kí gbólóhùn kékeré náà ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo sọ ìtàn náà fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní kí n má fi í mọ sí inú ilé, kí n kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn kí àwọn tíṣà mìíràn àti ẹ̀yin òbí lè gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò yìí.

TÍṢÀ TÍ OHÙN RẸ̀ Ń DÚN

Ọdún 1978 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Tuu. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn ti tọ́ ọ wò tipẹ́, nítorí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Inú rẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kàwé. Nígbà tí mo di tíṣà, ilé-ìwé pọ̀, ọmọ pọ̀ jù ú lọ, tíṣà ni kò tó.

Ní ọdún 1983 mo wà ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìkirè. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi, ọmọ 46 ni ó sì wà níbẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì tí kò gbà ju ọmọ méjì lọ. Tíṣà tí ohùn rẹ̀ ń dún ni mí nígbà náà. Bí mo bá ń kọ́ni, àwọn tí ń kọjá lọ sí oko a dúró gbọ́. Mo máa ń kọ nǹkan kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀, n ó gbé ẹgba lé e, n ó ní, “Ẹ wí tẹ̀lé mi!” Àwọn ọmọ a sì wí tẹ̀lé mi bí ẹni ń kọrin. Bí alábẹ̀wò ilé-ìwé bá dé, tí ó gbọ́ ariwo wa, a ní iṣẹ́ ń lọ. Èmi náà gbà pé iṣẹ́ ń lọ.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà, ọmọ ọdún 11. Ìyá rẹ̀ a máa ṣe ògì tà, ọmọ yìí ni ó sì ń kiri rẹ̀ láàárọ̀ kí ó tó wá sí ilé-ìwé. Nítorí náà ó máa ń pẹ́ dé, oorun a sì máa kùn ún. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn ní ìdá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ ọ, nítorí kíláàsì kẹrin ni wọ́n ní kí á ti máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Nígbà tí ó yá, mo kọ 1/4 àti 1/8 sí ojú pátákó, mo béèrè pé èwo ni ó tóbi jù. Ọmọ yìí ni mo pè. Ó dìde, ó wo pátákó títí, ó ní, “1/8 ni, sà, nítorí pé ẹ̀jọ ju ẹ̀rin lọ.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, inú bí mi. Lójú tèmi, ẹni tí mo ti kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò mọ̀ ọ́n, àfojúdi ni ó ń ṣe. Mo nà án ní ẹgba mẹ́fà, mo ní kí ó kúnlẹ̀, mo sì pè é ní olódo. Láti ọjọ́ náà ni “Olódo” ti di orúkọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí táàmù parí ní oṣù Kejìlá, mo fi gègé pupa kọ ọ́ sí ìwé èsì rẹ̀ pé: “Kò lè kọ́ ìwé.” Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, ó ní láti wá ẹni tí yóò kà á fún un.

Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kìíní, ọmọ náà kò wá. Mo pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹjísítà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà mo fi ìlà gba orí rẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí n má purọ́, mo tilẹ̀ ní ó kúkú dára bẹ́ẹ̀, ọmọ 45 ni ó kù tí n ó máa bá jà.

NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ ARÁNṢỌ

Ní oṣù Kẹta ọdún 1984, nígbà tí Ọdún Àjíǹde ń bọ̀ lọ́nà, mo gbé áńkárá ìyàwó mi lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Bí mo ti wọlé ni ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi láti ìdí tábìlì: “Ẹ káàbọ̀, sà.” Òun ni. Wọ́n ti fi í sí ẹnu iṣẹ́.

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo jókòó. Ìyá aránṣọ ní kí ó gbé bébà àpò sìmẹ́ǹtì kan wá, nítorí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi síṣọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Ó ní, “Àyà oníbùbá yìí jẹ́ 32. Fi hàn mí bí o ó ti gé e.” Ọmọ náà ká bébà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin. Ó fa téèpù lé e, ó ní, “Ìdámẹ́rin 32 ni 8, màmá. N ó fi ínǹṣì kan kún un fún ojú rírán àti mímí.” Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ínǹṣì mẹ́sàn-án. Kò wí tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.

Mo kan ń wò ó ni. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, mo fa téèpù náà mọ́ra, mo fi ìka tọ́ka sí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ó wà láàárín ínǹṣì kan sí èkejì, mo ní, “Nínú kọ́tà ínǹṣì àti ìdámẹ́jọ ínǹṣì, èwo ni ó tóbi jù?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń bá a ṣeré. Ó ní, “Kọ́tà ni, sà. Bí ẹ bá ká aṣọ sí mẹ́rin, tí ẹ tún un ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di mẹ́jọ. Ṣé kò ní kéré sí i ni?”

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò mọ ohun tí mo lè wí. Ọmọ tí mo ní kò lè kọ́ ìwé ti dáhùn ìbéèrè tí mo tìtorí rẹ̀ nà án, oṣù mẹ́ta péré ni ó sì lò níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà lọ pọn omi, mo béèrè lọ́wọ́ ìyá aránṣọ pé báwo ni ó ti ṣe kọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Háà, Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé, èmi ni ẹ wá ń bi! Èmi kì í kọ́ wọn ní aṣọ rírán lódindi o. Mo máa ń sọ fún wọn ni pé, kí ọjà tí ń bọ̀ yìí tó ná, mo fẹ́ kí o lè wọn ènìyàn láti èjìká dé orúnkún láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Bí ọjà bá pé, n ó ní kí ó wọ̀n mí. Bí ó bá wọ̀n ọ́n re, a ó kọjá sí òmíràn. Láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tuntun, n ó ní kí ó tún ti àná ṣe, nítorí orí ọmọdé a máa gbàgbé.”

Mo ní, “Bí kò bá wọ̀n ọ́n re ńkọ́, màmá?”

Ó ní, “N ó kọ́kọ́ bi ara mi bóyá èmi ni n kò fi hàn án dáadáa. Tíṣà, aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ mi bá bà jẹ́, èmi ni n ó san án fún oníbàárà.”

Mo dìde, mo sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Bí òun bá ba aṣọ jẹ́, ó ń san án. Bí èmi bá ba ọmọ jẹ́, ta ni ń san án?

MO DÁN ARA MI WÒ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò mú ẹgba wọ kíláàsì. Mo pín bébà pélébé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo tún kọ 1/4 àti 1/8 sí pátákó, mo ní kí oníkálukú kọ èyí tí ó tóbi jù láìfi han ẹnìkejì rẹ̀. Nígbà tí mo kó o jọ, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó kọ 1/8. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín! Wọn kò mọ̀ jù ú lọ. Inú wọn ń dùn pé òun ni mo pè, pé kì í ṣe àwọn.

Ìgbà náà ni mo tó ronú sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé: tíṣà ń kọ́ ọmọ, ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan, mo ti rò pé bí mo bá ti ṣe tèmi, tiwọn ti ṣe nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ wọn, wọn kò kọ́ ọ.

Mo ṣí lẹ́sìn-nóòtù mi. Mo fi ìlà gba orí “àwọn ọmọ yóò mọ̀ nípa ìdá,” mo sì kọ èyí: “Kí agogo ìsinmi tó lù, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò lè ká bébà sí ọ̀nà 2, 4 àti 8, bí mo bá dárúkọ ìdá méjì, yóò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tí ó tóbi jù, yóò sì sọ ìdí rẹ̀.” Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà ní Yorùbá kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí à ń lọ.

Kí ẹ má rò pé ó lọ geere. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ariwo gba ilé, bébà fọ́n káàkiri, agogo sì lù kí ìdajì wọn tó ká a dé mẹ́jọ. Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí, ó ní mo ń fi kíláàsì ṣeré, pé kíláàsì kẹrin kejì ti kọjá ibi tí mo wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni, wọ́n ti kọjá wa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì wá fi ẹnu ara rẹ̀ bi àwọn ọmọ náà. Nígbà tí ó wá, ó pe ọmọ mẹ́jọ, méje gbà á, wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí tí ó kùnà, mo mú un jókòó tì mí ní ìgbà ìsinmi, a fi ọsàn pín in, ó sì yé e. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Ó kàn buwọ́ lu nóòtù mi, ó lọ.

ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ TI SỌ Ọ́ TẸ́LẸ̀

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, mo lọ gba ìwé-ẹ̀rí NCE nípa ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi gígùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé lórí ohun tí ìyá aránṣọ ń ṣe.

Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1956, nínú èyí tí wọ́n to èròǹgbà ẹ̀kọ́ sí ipele mẹ́fà bí àtẹ̀gùn. Kí ọmọ rántí ohun tí a sọ ni ipele ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ó yé e ni ìkejì. Kí ó lè fi í ṣe iṣẹ́ ni ìkẹta. Ó sì tún kù lókè. Ipele àkọ́kọ́ ni “ẹ wí tẹ̀lé mi” tèmi dúró sí. Ọmọ tí ó fi ìdámẹ́rin gé bùbá ti wà ní ìkẹta. Ní ọdún 1962, Robert Mager, ará Amẹ́ríkà bákan náà, kọ ọ́ pé èròǹgbà tí ó dára gbọ́dọ̀ sọ ohun mẹ́ta: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe tí a ó fi ojú rí, irú ipò tí yóò ti ṣe é, àti bí yóò ti dára tó kí á tó gbà á. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ: wọn ènìyàn láti èjìká dé orúnkún, láìbéèrè lọ́wọ́ mi, kí ó wọ̀n ọ́n re. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé!

Ní ti àtúnṣe àárọ̀ rẹ̀, ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ti tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1885. Ara rẹ̀ ni ó fi dánwò. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń ṣọ́ bí ó ti ń gbàgbé wọn. Ó rí i pé kíá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń sá lọ, ṣùgbọ́n bí a bá pín àtúnṣe rẹ̀ sí ọjọ́ púpọ̀, ó ń dúró ju kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọjọ́ kan lọ. Ní ọdún 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé ẹni tí ó bá gbé ìwé sílẹ̀ tí ó gbìyànjú láti rántí ohun tí ó kà, ohun náà ń pẹ́ nínú rẹ̀ ju ti ẹni tí ó kàn ń tún un kà lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Mo rántí ọmọ ológì mi. Bóyá bí mo bá sọ fún un ní Yorùbá pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ni mo ń wí, ì bá ti mọ̀ pé mẹ́jọ ni wọ́n pín nǹkan náà sí.

Ẹ̀YIN TÍṢÀ, Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọdún 35 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013. Ohun tí mo sọ fún ọmọ àbúrò mi nìyí.

Èkíní, má ṣe kọ “yóò mọ̀” tàbí “yóò yé e” sí èròǹgbà rẹ. Ta ni ó rí inú ọmọ? Kọ ohun tí yóò ṣe tí ojú rẹ yóò rí: yóò kà, yóò wọ̀n, yóò tò ó, yóò ṣàlàyé.

Èkejì, sọ ibi tí ẹ ń lọ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó gbéra, ní èdè tí ó yé wọn.

Ẹ̀kẹta, bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ọmọ ti mọ̀ nílé àti lọ́jà. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é kí ẹnu rẹ̀ tó wí i.

Ẹ̀kẹrin, bi í ní ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti ti oṣù tó kọjá, kì í ṣe ní ọjọ́ ìdánwò nìkan.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó bá ṣì í, wádìí ìdí tí ó fi ṣì í. Ọmọ tí ó ní 8 ju 4 lọ ń ronú o; ibi tí ìrònú rẹ̀ ti yà ni kí o bá a mú un padà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá dé láti ilé-ìwé, ẹ má ṣe bi í pé, “Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí?” Yóò ní, “Ìṣirò.” Ẹ bi í pé, “Kí ni o lè ṣe lónìí tí o kò lè ṣe lánàá? Fi hàn mí.” Òfin ọdún 2004 ti fi dandan lé e pé kí ọmọ wà nílé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin lè mú ọmọ wọ kíláàsì, kò lè mú ẹ̀kọ́ wọ orí ọmọ. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

ỌMỌ OLÓGÌ ŃKỌ́?

Mo lọ bá ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan kí táàmù náà tó parí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó fò sókè, ó ní, “Ẹ dìde, Tíṣà, ẹ má fi èébú kàn mí!” Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wọ yàrá, ó sì mú ìwé èsì náà jáde láti abẹ́ ẹní. Ó ní, “Ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi kò lè kọ́ ìwé. Bí ẹ bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.” Mo fa bírò yọ, mo sì kọ ọ́.

Ọmọ náà kò padà sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì, nítorí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ọdún méjì. Mo ń kọ́ ọ ní alaalẹ́ ní ilé mi pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ó gba fúrídọ̀ọ̀mù ní ọdún 1986, ó wọ kíláàsì karùn-ún. Ọdún 1988 ni ó gba ìwé-ẹ̀rí ìwé mẹ́fà, ọdún méjì lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún méjì náà, èmi ni mo jẹ ẹ́, n kò sì lè san án padà.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lónìí, ó sì ní ọmọ iṣẹ́. Òun ni ó rán bùbá tí mo wọ̀ ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo lọ gbà á, ó ń bá ọmọ iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ pé, “Kí ọjà tí ń bọ̀ tó ná, mo fẹ́ kí o lè gé ọrùn yìí láìbéèrè lọ́wọ́ mi.” Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà títí ó fi sọ ọ́ tán kí n tó wọlé.



Èmi ni tiyín,
Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì